Ohun Tí Màmá Nìkan Rí

Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni ìfẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1967 ń lọ sópin, ọyẹ́ ti dé, àwọn òkè tó yí Èrúwà ká sì dàbí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá: o rí wọn, o ò rí wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Ìbàdàn ni, wọ́n sì gbé mi padà sí ìlú mi láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Ara mi kì í balẹ̀ nígbà náà. Bí agogo ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lù, màá gun kẹ̀kẹ́ mi, màá forí lé ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Lọ́jọ́ kan, mo kù díẹ̀ kí n wọ Lanlate ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ bá gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, ó sì fà á ya dé orúnkún.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, lábẹ́ igi irúgbá. Ọmọbìnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o," mo ní.

Ó gbójú sókè, ó wo ṣòkòtò mi. "Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ṣé ajá ni àbí ìyàwó?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Kẹ̀kẹ́ yẹn mà ń jowú o."

Ó na aṣọ kan sí mi kí n ró o, kí ó lè rí ṣòkòtò náà rán. Báyìí ni èmi, tíṣà ìṣirò, ṣe jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú ìró aláró nídìí. Àwọn obìnrin méjì tó ń ti oko bọ̀ kọjá, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, ọ̀kan sì kúnlẹ̀ gbàmù, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyàwó wa." Ọmọbìnrin aránṣọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé délé.

Mùínàt lorúkọ rẹ̀. Búrẹ́mọ̀, bàbá rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ tó tún ń ta èlùbọ́, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kan jẹ èkejì.

Láàárín oṣù kan, aṣọ mi ya lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, Mùínàt tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ ra ojú ibi tó ya.

"Tíṣà, kí lẹ ní ó ya èyí?"

"Ìṣó ni."

"Ìṣó a máa fa òwú. Èyí gún régé. Bíléèdì ló ya èyí." Ó ká ẹ̀wù náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wá kí mi, ẹ wá kí mi. Aṣọ ò ṣẹ̀ yín."

Láti ọjọ́ náà, mi ò mú aṣọ dání mọ́. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa pa àlọ́ fún un, torí láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ohun tó bá lójúùtú. Ó máa ń já gbogbo rẹ̀ láìgbójú kúrò lára iṣẹ́. Nígbà tó sú u, ó ní, "Ó yá, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì. Ojú kan ṣoṣo ló ní, kò ríran. Bó ṣe ń rìn sí ni ìrù rẹ̀ ń kúrú sí. Kí ni?"

Mo rò ó, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò ó títí mo fi dé Èrúwà. Mo rò ó lójú oorun. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

"Abẹ́rẹ́ ni, Tíṣà. Ọwọ́ mi ló wà ní gbogbo ìgbà tí mo ń béèrè." Ó wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà. "Ohun tó wà lójú yín lẹ kì í rí."

Odidi ọdún méjì ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Lanlate. Ogun ń jà nílà-oòrùn nígbà náà, rédíò ń sọ ọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n ká má parọ́, èyí tí Mùínàt sọ lánàá ló máa ń wà létí mi.

Nígbà tí mo sọ nílé pé Mùínàt ni mo fẹ́ fẹ́, ilé dàrú. Rosaline ni màmá mi ń jẹ́. Opó ni, ó sì ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Èmi nìkan ló bí. Bó bá ń bínú, oríkì mi ló máa ń fi pè mí.

"Àkànó, gbogbo ọmọbìnrin tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, o ò rí ọ̀kan?"

"Mo rí wọn, Màmá."

"O rí wọn, o wá gba ọ̀nà Lanlate lọ. Ọmọ ìmàle!"

Ní Lanlate, Búrẹ́mọ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Ọmọ mi ò ní torí ọkọ fi ìrun sílẹ̀. Ẹ kí wọn nílé."

Ẹni tó gbà wá ni Tinúkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹlẹ́ja gbígbẹ tó ń ná ọjà Èrúwà àti ti Lanlate. Ó gba iṣẹ́ alárinà wa bí ẹni gba ẹja lọ́pọ̀. Ọ̀nà tó gbà ṣe é, lẹ́yìn ìgbéyàwó ni mo tó gbọ́. Ó bá Màmá mi jókòó, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú, Búrẹ́mọ̀ ti ní ọmọ yín ò tó ẹni tí òun lè fọmọ fún."

Màmá dìde dúró. "Ọmọ tèmi? Tó lọ sí yunifásítì?"

Tinúkẹ́ kọjá sí Lanlate, ó sọ fún Búrẹ́mọ̀ pé, "Ìyá ọkọ ní ọmọ aránṣọ kan ò lè wọlé òun."

"Ọmọ tèmi?" ni Búrẹ́mọ̀ náà ní. "Tí wọ́n ń ti Ìgbó-Ọrà wá ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Kí oṣù náà tó parí, àwọn méjèèjì ti ń dá ìgbéyàwó wa láre fún ara wọn. Oṣù tí ogun parí ni wọ́n so wá pọ̀, yìgì lọ́dọ̀ àfáà lówùúrọ̀ ní Lanlate, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mùínàt ò fi ìrun rẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi gbà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sí ìyàwó mi dà bí ojú ẹni tó ra ọjà tó ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Tinúkẹ́ wá dágbére fún wa. Ó ní, "Bí ọkọ àti aya bá ti mojú ara wọn, alárinà a yẹ̀bá. Iṣẹ́ mi parí. Bẹ́ ẹ bá jà, ẹ má pè mí. Bẹ́ ẹ bá jẹ ẹja, ẹ pè mí."

*

Ọdún kejì, Mùínàt lóyún. Ìrọbí mú un nígbà òjò, ó di ọjọ́ kejì, ó di ọjọ́ kẹta. Nígbà tí a fi rí ọkọ̀ tó gbé wa la ẹrẹ̀ dé ilé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Irin ni wọ́n fi fa ọmọ náà jáde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú Màmá mi. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, kò sì sọ̀rọ̀.

Màmá gbà á. "Àkànó, kọ ẹ̀yìn sí mi."

"Màmá."

"Kọ ẹ̀yìn sí mi. Bàbá kì í wo irú èyí."

Mo kọ ẹ̀yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ nínú omi òjò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: bàbá àti ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, wọn kì í béèrè, a kì í sì í dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má baà padà wá.

Ọjọ́ kejì ni Mùínàt tó la ojú. Àwọn àgbà yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá wò mí.

"Ṣé mo sùn pẹ́?"

"Ó pẹ́ díẹ̀," mo ní.

Kò bi mí léèrè ohun kan mọ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn nìkan. Fún ọdún méjì, a jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ó ń rán ṣòkòtò mi tó bá ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ odò méjì. Nígbà mìíràn, mo máa ń bá a lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ò sì sí lórí aṣọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè lókèèrè. Bí mo bá kí i, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán nǹkan.

Nígbà tó tún lóyún lọ́dún 1973, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà n'Íbàdàn. Dókítà náà wọ̀n ọ́n, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyáàfin, egungun ìbàdí yín há. Bẹ́ ẹ bá tún rọbí, irú ti àkọ́kọ́ ló máa ṣẹlẹ̀, ó sì lè burú jù ú lọ. A ò ní dúró de ìrọbí. Iṣẹ́ abẹ la máa ṣe. Wọ́n á fún yín ní oògùn oorun, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá máa jí, ọmọ ti dé."

Ó ṣí kàlẹ́ńdà, ó fi bírò yí ọjọ́ kan po: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ.

Inú ọkọ̀ ni Mùínàt ti sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ igbó tó ń sá kọjá. "Mi ò ní lọ."

"Kí ló dé?"

"Mi ò ní lọ náà ni."

Gbogbo ayé ló mọ ìdí rẹ̀, àfi èmi. Búrẹ́mọ̀ ní ta ni kò ní bẹ̀rù abẹ, ó ní òun ń ṣe àdúà. Àwọn ìyá àdúgbò ní kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé kò fúnra rẹ̀ bímọ, wọ́n ní bóyá ọjọ́ tí wọ́n dá ni kò bá a lára mu. Ta ní í bá ọmọ dá ọjọ́? Màmá mi ní, "Jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀rù á kúrò."

Èmi ní tèmi jókòó, mo ya àwòrán sí ìwé, bí wọ́n ṣe máa là á, bí wọ́n ṣe máa rán an. Mo rò pé bí ẹni tó mọ aṣọ rán bá rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mùínàt wo ìwé náà dáadáa.

"Ojú rírán yìí ti tóbi jù," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n rán an wẹ́wẹ́." Ó dá ìwé náà padà fún mi. "Mi ò ní lọ, Tíṣà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Bí mo bá wà ní kíláàsì, ọjọ́ tí dókítà yí po yẹn ni mò ń rí lórí bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé bí ìrọbí bá ká a mọ́ Lanlate tàbí Èrúwà, ó lè jẹ́ pé èmi nìkan ló máa padà sílé. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ bá Tinúkẹ́ nídìí ẹja.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. "Alárinà kì í padà, Fọlábí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. A ò lè bá ara wa sọ̀rọ̀."

"Ọdún mélòó lẹ ti ṣègbéyàwó?"

"Mẹ́ta àti ààbọ̀."

"Ẹ wá tún nílò ẹni tó máa bá yín mọ ara yín." Ó wò mí pẹ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Dúró kí n wẹ òórùn ẹja dànù. Obìnrin aboyún ni mò ń lọ bá."

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi bá Mùínàt jókòó. Ẹ̀gúsí ni wọ́n jọ ń bó. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ níta, mò ń gbọ́ ẹ̀rín, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Nígbà tí Tinúkẹ́ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Igi tí ẹ ń gùn láti ọjọ́ yìí, kò léso," ó ní. "Kì í ṣe abẹ ló ń bà á lẹ́rù."

"Kí wá ni?"

"Oorun ni. Ó ní òun sùn nígbà yẹn, òun jí, ikùn òun ti ṣófo, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún òun. Omi dànù, agbè ò fọ́. Ẹ wá ní kí òun tún lọ sùn." Ó fa imú. "Ó bi mí ní ohun kan, Fọlábí. Ó ní, bí ọmọ yẹn bá ké ńkọ́? Bó bá ké, tí òun ò gbọ́?"

Mo jókòó sórí pèpéle ilé.

"Ó ní kí ọkọ òun sọ ohun tó rí fún òun. Kó o sọ ọ́ bó ṣe rí, ìyẹn nìkan."

"Mi ò rí nǹkan kan. Mo kọ ẹ̀yìn."

Tinúkẹ́ ní, "Ta ló rí i?"

"Màmá."

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Ìyẹn náà ló wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ìyá tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ló gbé ọmọ náà lọ."

*

Mo bá Màmá mi níwájú ilé, ó ń ka ìwé àdúrà rẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó pa ìwé náà dé.

"Ó rò pé mo pa á ni?"

"Kò rò bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò mọ nǹkan tó yẹ kó rò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un."

"A kì í sọ ọ́. Bí a bá ń sọ ọ́, kò ní lọ."

"Kò lọ, Màmá. Ọdún méjì rèé, inú yàrá wa ló wà."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún nù ún. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ́n lára ògiri bí omi osùn.

"Èmi ńkọ́?" ó ní. "Ṣé o rò pé èmi kì í rí i lójú àlá? Máa lọ sílé rẹ, Àkànó."

Mo lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bínú tàbí ó ń sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùínàt wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí Màmá wọlé pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀. Mùínàt fẹ́ kúnlẹ̀, ó dá a dúró. Ó fa àpótí, ó jókòó kojú rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà láàárín wọn. Mo fẹ́ jáde. Màmá ní, "Jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, o ò ní kọ ẹ̀yìn."

Ó wá yíjú sí ìyàwó mi.

"Béèrè ohun tó o fẹ́ béèrè."

Mùínàt ní, "Akọ ni àbí abo?"

"Obìnrin ni."

"Obìnrin," ni Mùínàt ní, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò.

"Irun orí rẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó bo iwájú orí rẹ̀. Etí rẹ̀, etí ọkọ rẹ ni, èyí tó yọ síta yìí. Ẹnu rẹ̀, tìrẹ ni. Ó sanra. Kò sí ohun tó ṣe é, àfi ibi tí irin ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹ́, ó pupa díẹ̀."

"Ó ké, Màmá?"

"Kò ké."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Nígbà tí mo gbà á, mi ò gbà pé ó ti lọ. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó sábẹ́ etí òrùlé. Mo tú aṣọ náà. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ní, 'Ké, jọ̀ọ́, ké, ìyá rẹ ń bọ̀.' Ó pẹ́ gan-an tí mo fi wà níbẹ̀. Kò ké, Mùínàt. Mi kì í búra, o mọ̀. Mo fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí búra fún ọ, èyí tó jókòó yìí. Ọmọ yẹn ti lọ kí ó tó dé ọwọ́ mi."

Mùínàt ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹ̀rọ mú.

"Mi ò lè sin ọmọ tí kò lórúkọ," Màmá ní, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí ẹ̀ ń gbèrò láti sọ ọ́. Oríkì rẹ ni mo fi pè é. Mo ní, 'Àpèkẹ́, ó dàárọ̀.' Mo sì gbé e sílẹ̀."

Igbe tó jáde lẹ́nu ìyàwó mi lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹkún ọdún méjì ni. Màmá dìde, ó yí ẹ̀rọ ká, ó gbá a mọ́ra. Mo wà níbẹ̀, mò ń wò wọ́n, mi ò kọ ẹ̀yìn.

Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, Mùínàt gbójú sókè. "Màmá, bí mo bá lọ sùn níbẹ̀, ta ló máa rí èyí?"

"Èmi ni."

"Ohun yòówù kó jẹ́?"

"Ohun yòówù kó jẹ́, màá sọ ọ́ fún ọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́."

*

Ọjọ́rú la lọ sí Ìbàdàn. Ọwọ́ ọ̀tún tí ìjọba ní ká máa gbà ṣì jẹ́ tuntun lára awakọ̀ wa, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú ni Màmá ń pe Jésù, tí Mùínàt ń pe Ọlọ́run Allah. Tinúkẹ́ tó tẹ̀lé wa ní, "Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, kí n rí ẹni pè." Gbogbo ọkọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Mùínàt náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi orí lé èjìká mi, orí rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ títí a fi dé.

Wọ́n gbé ìwé wá ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé kí ọkọ fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Mùínàt ní kí n mú bírò náà wá. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi, lẹ́tà ńláńlá, bó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ránṣọ fún.

Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà, Àpèkẹ́."

"Ó dáa," ó ní, bí ẹni pé ìyẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́. Ilẹ̀kùn sì pa dé.

Màmá ò jókòó. Ó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, agbòòrùn lọ́wọ́, bí ọlọ́dẹ. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, eruku sì ń fò nínú rẹ̀ láìdún, ó dà bí ẹni pé gbogbo wa wà lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ológbò. Tinúkẹ́ fò sókè. Màmá ò mira.

Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ọmọ nínú aṣọ. "Ẹ kú oríire o. Ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ wà dáadáa, wọ́n ṣì ń rán ojú abẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ wẹ ọmọ."

"Rárá," ni Màmá ní.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Ẹ ò ní wẹ̀ ẹ́."

"Màmá, ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló bò ó."

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ẹ wé e kí òtútù má mú un. Ẹ nu imú rẹ̀ kó lè mí. Ohun tó kù, ẹ fi sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì pe nọ́ọ̀sì àgbà. Nọ́ọ̀sì àgbà wá, ó ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Màmá sì dá a lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Tinúkẹ́ ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ má bá a jà, ilẹ̀ yóò ṣú bá yín níbí." Níkẹyìn, wọ́n kó aṣọ gbígbóná wá, wọ́n wé ọmọ náà dé àgbọ̀n, wọ́n sì gbé e fún un. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé Mùínàt sí, ó gbé ọmọ náà lé itan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àní èmi bàbá rẹ̀.

Nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ojú Mùínàt kọ́kọ́ ṣí. Ó pa dé. Ó tún ṣí. Ó ń wá nǹkan lórí àjà, ọwọ́ rẹ̀ sì rọra lọ sí ikùn rẹ̀, ó dúró níbẹ̀. Mo rí i bí ẹ̀rù ṣe wọ ojú rẹ̀.

Màmá ò kí i, kò sì gbàdúrà. Ó tẹ̀ síwájú, ó tú aṣọ náà láti òkè délẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà síwájú rẹ̀ bó ṣe wà. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí etí rẹ̀ àti sí àárín ìka ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rá funfun ṣì wà ní ìpàdé itan rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì figbe ta.

"Bó ṣe dé nìyí," Màmá ní. "Kò sẹ́ni tó tíì fi omi kàn án. Ìwọ náà wò ó."

Mùínàt wò ó. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ka ìka rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó wà létí rẹ̀, ó sì wo àtàǹpàkò náà. Ọmọ náà ń ké, ó ń ké, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ̀ ẹ́. Mùínàt pa ojú dé, kì í ṣe oorun, ó ń gbọ́ ọ ni. Ó gbọ́ ọ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ ṣì wúwo fún oògùn, "mo ti rí i. Ẹ lọ wẹ̀ ẹ́."